Quilt àdììtú: ṣé kí n gé ohun tí mo ti rán tán sí méjì?

Ìbéèrè, láti Kàbà

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríìdọ́ọ̀mù. Mo wọ ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti jọ ń rán quilt àdììtú, ìyẹn aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ rán pọ̀. Ẹni tó ń darí wa wà lókè òkun, kò sì fi àwòrán ohun tí a máa rí níkẹyìn hàn wá. Ìtọ́ni kan ló ń jáde ní gbogbo Sátidé, márùn-ún ni gbogbo ẹ̀. Ti àkọ́kọ́: ẹ gé aṣọ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láìlo rúlà, ẹ rán wọn pọ̀. Ti èkejì: ẹ fi kọ́ọ̀fù kan, ìyẹn ìlà tó tẹ̀, sí i. Èyí tó dé báyìí ló ń dà mí láàmú: ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́ràn jù nínú ohun tí ẹ ti rán, ẹ gé e sí méjì, ẹ fi aṣọ mìíràn há a láàárín.

Ọkàn mi ò gbà á. Ọ̀gá mi rí i, wọ́n ní aṣọ alábùlẹ̀ ni, aṣọ òtòṣì, pé mo kàn ń fi òwú ṣòfò. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bí ni mo fẹ́ rán an fún. Ṣé kí n gé e, àbí kí n dúró kí ìtọ́ni márààrún pé kí n lè mọ ibi tó ń lọ? Kí ni mo sì máa tẹ́ sáàárín rẹ̀? Mo ti wá ohun tí àwọn òyìnbó ń lò ní gbogbo ọjà, mi ò rí i.

*

Èsì

Gé e, àbúrò mi.

Ṣùgbọ́n kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, mú téèpù, wọn búlọ́ọ̀kù náà, ìyẹn ègé tí o ti rán pọ̀ yẹn, kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Gígé kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ohun tí aláwáǹsì, ìyẹn etí aṣọ tó ń wọ inú ojú ìrán, ń jẹ tí a ò kà ló ń bà á jẹ́.

Ká ní íńṣì 10 ni ìbú rẹ̀. Nínú quilt, ìdá mẹ́rin íńṣì, ìyẹn ¼, ni aláwáǹsì, kì í ṣe èyí tí à ń fi sílẹ̀ lára bùbá. Tí o bá gé búlọ́ọ̀kù náà sí méjì tí o kàn rán an padà, 9½ ló máa kù. Tí o bá wá há aṣọ tí o gé ní íńṣì 1½ sí i láàárín, ojú ìrán ti di méjì, íńṣì kan gbáko ti wọlé, búlọ́ọ̀kù náà á sì di 10½. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kó padà sí 10 rẹ̀, íńṣì 1 ni kí o gé èyí tí o máa há. Ìdajì íńṣì péré ni ojú máa rí lára rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló sì máa ń dára jù, pàápàá tó bá jẹ́ àwọ̀ tí kò sí níbòmíràn nínú quilt náà.

Lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ rẹ, má ṣe fi ojú wọn ¼ yẹn. Fi téèpù wọn ọ́n láti ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé sí apá ọ̀tún, lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ irin ibẹ̀, kí etí aṣọ máa rìn lára sẹ̀lótéèpù náà. Rán àjákù méjì wò, kí o sì wọn wọ́n kí o tó fọwọ́ kan ojúlówó.

*

Èsì, lórí ọ̀rọ̀ dídúró

Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní kí ìtọ́ni pé, kí àwòrán jáde, kí èèyàn tó gé aṣọ, torí owó la fi ra aṣọ. Àwọn mìíràn ní tí o bá ti rí òpin rẹ̀, kí ló tún kù tó ń jẹ́ àdììtú? Mi ò gba ti ìkankan wọn tán, torí quilt àdììtú kì í ṣe oríṣi kan.

Ẹ wo èyí tí Bonnie Hunter, obìnrin kan tó ń rán quilt, máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn lóṣù kọkànlá ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ìtọ́ni á sì máa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nínú irú ìyẹn, ègé kéékèèké tó bá ìwọ̀n mu rẹ́gí lèèyàn ń rán, wọ́n sì máa ń pọ̀ jọjọ. Bí aláwáǹsì rẹ bá fi díẹ̀ yẹ̀, ìgbà tí o bá fẹ́ tò wọ́n pọ̀ lo máa tó mọ̀. Ẹni tí aṣọ ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní òun máa dúró wo àwòrán irú ìyẹn, mi ò dá a lẹ́bi.

Tìrẹ kọ́ nìyẹn. Èyí tí a ń gé láìlo rúlà ò ní àwòrán kan pàtó tí wọ́n tọ́jú pamọ́ níbì kan. Ẹni tó ń darí yín gan-an ò lè mọ bí tìrẹ ṣe máa rí. Bí iṣẹ́ á ṣe tẹ̀léra nìkan ló fi pamọ́. Tí o bá dúró di ìkarùn-ún, kò sí ohun tó máa wà níbẹ̀ tí á sọ fún ọ bóyá aláwọ̀ ewé ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òféèfèé tàbí dúdú.

Bí mo ṣe rí i nìyí: ìtọ́ni ló ni ìgbésẹ̀, ìwọ lo ni aṣọ. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti ń jà, aṣọ ni kí o gbọ́ tiẹ̀. Tí ó bá ní kí o há aṣọ sáàárín, há a. Ṣùgbọ́n tí ó bá ní kí ó jẹ́ íńṣì mẹ́ta, tí àjákù tó yẹ ẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ ò ju méjì lọ, méjì náà ni kí o lò. Kò sí ẹni tó máa wá wọn ọ́n.

Ohun tó yẹ kí o mú dúró, tí o kò gbọdọ̀ yí padà láti Sátidé kan sí òmíràn, ni aláwáǹsì rẹ, irú aṣọ tí o ń lò, àti bí gbogbo rẹ̀ á ṣe tóbi tó nígbà tó bá parí. Lórí ìyẹn, gba ìmọ̀ràn mi: íńṣì 36 ní ìbú, 36 ní gígùn. Ìbú àǹkárá tó nǹkan bí íńṣì 45. Aṣọ ẹ̀yìn quilt gbọ́dọ̀ fi bí íńṣì 4 yọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó tó di pé a gé e kúrò, ìyẹn 44. Ó wọ̀ ọ́ láìsí pé o ń so aṣọ pọ̀. Tí o bá lọ sí íńṣì 40, o ti bọ́ sínú ìsopọ̀, o tún ti bọ́ sínú owó.

*

Èsì, fún ẹni tó ń pè é ní aṣọ òtòṣì

Ọ̀gá rẹ nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, gbé aṣọ tí wọ́n fi ègé rán jáde, ẹnìkan á bi ọ́ bóyá kò sí owó yáàdì. Èyí máa ń dùn mí, mi ò sì ní fi bò.

Òótọ́ ni pé àìní ló bí i níbi púpọ̀. Abúlé kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, níbi tí odò Alabama ti tẹ̀ yí ilẹ̀ ká. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣòkòtò oko tó ti gbó lórúnkún, ṣẹ́ẹ̀tì, àpò, gbogbo rẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gé, tí wọ́n sì ń rán pọ̀ kí òtútù má bàa pa ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tẹ̀lé àwòṣe kankan. Ní 2002 ni wọ́n kó àwọn aṣọ náà lọ sí ilé ọnà ní Houston, lẹ́yìn náà sí Whitney ní New York, wọ́n gbé wọn kọ́ sára ògiri, àwọn èèyàn sì ń rọ́ wá wò wọ́n. Ní 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sórí sítáǹbù.  Ohun tí wọ́n ń yẹ́ sí ni ojú àwọn obìnrin náà, bí wọ́n ṣe mọ ibi tí pupa yẹ kó ti dúró.

Ká tiẹ̀ fi Alabama sílẹ̀. Ẹ̀kú egúngún ńkọ́? Ègé lórí ègé, àrán pẹ̀lú dàmáàsìkì pẹ̀lú àǹkárá, ẹbí á sì tún máa fi tuntun kún un. Ta ló ń wò ó tó ń pè é ní aṣọ òtòṣì? Ó yẹ kí ọ̀gá rẹ rántí ìyẹn, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ ọmọ tí àwọn fúnra wọn kọ́.

*

Ẹlòmíràn béèrè, láti Ìsánlú: *Ẹ̀gbọ́n, ti Amẹ́ríkà yẹn, òtútù ló mú wọn rán an. Ooru tó ń mú níbí ńkọ́? Ta ló fẹ́ bora?*

Àwa tí ọyẹ́ ń fẹ́ lára lóṣù Kejìlá àti oṣù Kínní, tí a ń jí láàárọ̀ tí ètè ti là? Ẹni tó ti sùn ní Yàgbà nígbà ọyẹ́ ò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òtítọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ: quilt tí ohun tí a tẹ́ sáàárín rẹ̀ nípọn bíi ti òkè òkun ò wúlò fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a rán an fẹ́lẹ́.

Ó tó àkókò kí n sọ èyí fún ẹni tó kọ́kọ́ béèrè, torí ọmọ tuntun ló fẹ́ fún: àwọn oníṣègùn ọmọ wẹ́wẹ́ kì í fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ìbora sílẹ̀ lára ọmọ tó ń sùn títí tó fi máa pé ọdún kan, torí ó lè bo imú rẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un lórí ẹní kó máa ṣeré lórí rẹ̀ níṣojú ìyá rẹ̀. Tó bá pé ọdún kan, ó lè máa bò ó.

*

Láti Ìyàrà: *Léèsì, gínnì, àǹkárá, sátíìnì, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú àpò àjákù mi. Ṣé a lè pò wọ́n pọ̀? Wọ́n ní kò sófin nínú irú èyí.*

Mo máa ń gbọ́ ọ, “kò sófin.” Kò sófin lórí àwọ̀, kò sófin lórí ìrísí. Òfin wà lórí aṣọ. Òwú nílò áyọ́ọ̀nù gbígbóná dáadáa kí ojú ìrán tó lè tẹ́. Gbé áyọ́ọ̀nù kan náà lé sátíìnì oníke, ó máa súnkì, tàbí kó yọ́ mọ́ irin. Lẹ́yìn tí a bá sì fọ̀ ọ́, òwú á súnkì díẹ̀, èkejì ò ní súnkì, gbogbo ojú quilt á wá ká kò.

Àǹkárá pàápàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òwú. Ẹni tó ń tà á á ní òwú ni. Fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí rẹ̀, mú un sínú àwo, ṣáná sí i. Òwú máa jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rọ̀, tí o bá tẹ̀ ẹ́ á di lúbúlúbú. Tó bá ní ike nínú, á káko, á yọ́, tó bá tutù á di kóró dúdú tó le koko lábẹ́ èékánná rẹ. Èyí tó bá di kóró, fi í sí ọ̀tọ̀.

Gínnì dáa tó bá jẹ́ òwú, ṣùgbọ́n fọ̀ ọ́ kí líle ara rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Léèsì ní ihò, nítorí náà tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀, kí o rán méjèèjì bí ẹyọ kan, tó bá jẹ́ pé o ò lè ṣe kí ó má sí níbẹ̀. Èmi ò ní fi sí ti ọmọ. Ìka kékeré á máa há sínú ihò rẹ̀.

*

Láti Mọ̀pà: *Àdìrẹ ní tèmi. Màmá wa máa ń da iyọ̀ sómi kó má bàa ṣí.*

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ń lo fínígà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún màmá, àwọ̀ tó pọ̀ jù lára aṣọ ò ní dúró torí iyọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jáde ni. Fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, da omi nù, tún fọ̀ ọ́, títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà rin aṣọ funfun kan, gbé e lé àdìrẹ náà, fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Tí funfun náà bá ṣì mu aró, kò tíì ṣe tán. Àti kàm̀pálà pupa! Ẹ ṣọ́ra fún kàm̀pálà pupa ju gbogbo wọn lọ. Ègé kékeré kan lè sọ gbogbo funfun inú quilt di àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́.

*

Èsì, lórí àjákù ta ni

Ẹnìkan bi mí níkọ̀kọ̀, ó sì yẹ ká jọ sọ ọ́. Àjákù tó ń kù nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ta ló ni ín? Àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń sọ pé télọ̀ ló ni ín, ara owó iṣẹ́ ni. Oníbàárà ní owó òun ni wọ́n fi rà á. Mo ti rí ibi tí aṣọ ẹbí ìsìnkú ti dá ìjà sílẹ̀ torí pé wọ́n rí i lọ́rùn ọmọ télọ̀.

Tèmi ni pé èyí tó bá tóbi tó láti fi rán fìlà tàbí tó lè di gèlè ọmọdé, oníbàárà ló ni ín. Ká a, kí o fi sínú aṣọ rẹ̀ nígbà tó bá wá gbà á. Ègé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá àti ọrùn, èyí tí wọ́n ń gbá dànù, kò sí ẹni tó máa wá béèrè rẹ̀, òun náà ló sì wúlò jù fún ìtọ́ni àkọ́kọ́ yín. Ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì tọ́. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí, béèrè. Àwọn mìíràn ò fẹ́ kí aṣọ tí wọ́n fi sin bàbá wọn wà lára ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí ìbéèrè tó kàn.

*

Láti Bùnú: *Ìyá ìyá mi fi ègé aṣọ ipò sílẹ̀. Pupa rẹ̀ ṣì ń tàn. Mo fẹ́ há a sí quilt ọmọ mi, kó lè mọ ibi tó ti wá. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?*

Mo mọ ìdí tí ó fi wù ọ́. Fún ẹni tí kò mọ̀: aṣọ ipò ni aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Bùnú máa ń hun tẹ́lẹ̀ lórí òfì ìnàró. Láyé àtijọ́, ara aṣọ pupa tó ti òkè òkun wá ni wọ́n ti ń tú fọ́nrán pupa rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó tún un hun sínú tiwọn. Ìsìnkú ìjòyè àti ẹ̀kú egúngún ni wọ́n ń lò ó fún. Kì í ṣe aṣọ tí a ń rà lójoojúmọ́, kì í ṣe gbogbo òkú ni wọ́n sì ń gbé e kọ́ fún.

Èrò àwọn kan ni pé ayé ti yí, aṣọ ni aṣọ ń jẹ́, pé tí kò bá sí nínú ohun tí à ń lò, á parun. Mi ò gbà. Èmi ò ní fi aṣọ ipò sára ọmọ ọwọ́. Aṣọ tí ẹbí kan fi bu ọlá fún òkú wọn ní ipò tirẹ̀. Àwọn àgbà ilé yín ló ni àṣẹ lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń darí quilt ní òkè òkun, kì í sì í ṣe èmi. Lọ bá wọn. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Tí wọ́n bá gbà, fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gbé e lódindi sórí aṣọ tí o máa fi kọ́ ògiri, má gé e.

Tí o bá fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ ibi tó ti wá, aṣọ òwú funfun àti dúdú tí wọ́n hun ní Bùnú wà, òun ni kí o lò. Rírán rẹ̀ nìkan ló fẹ́ sùúrù. Ó nípọn, etí rẹ̀ ń tú. Lẹ gọ́ọ̀mù sitéè, aṣọ fẹ́lẹ́ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó gé e, kí o sì jẹ́ kí aláwáǹsì rẹ̀ tó ìdajì íńṣì. Tó bá jẹ́ ¼ lo lò, ìfọ̀ kan á tú u. Má gbàgbé láti ka ìdajì íńṣì yẹn mọ́ ìṣirò tí mo ṣe lókè.

*

Láti Ìsánlú lẹ́ẹ̀kan sí i: *Kọ́ọ̀fù tèmi ṣù, aṣọ kó jọ láàárín. Mo kọ ojú aṣọ méjèèjì sí ara wọn kí n tó gé e, bí a ṣe ń ṣe fún aṣọ wíwọ̀.*

Ibẹ̀ gan-an ló wà. Nínú èyí, ojú aṣọ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọ sókè. Tẹ́ ọ̀kan lé orí èkejì kí wọ́n gorí ara wọn ní bí íńṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gé àwọn méjèèjì pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ní títẹ̀ tó o fẹ́, láàárín ibi tí wọ́n ti gorí ara wọn. Mú apá òsì ti òkè àti apá ọ̀tún ti ìsàlẹ̀. Wọ́n máa bá ara wọn mu. Èyí tó kù méjì, kó o sínú àpò.

Jẹ́ kí ó tẹ̀ díẹ̀, má jẹ́ kó rí róbótó. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sáàárín àti sí bí ibi méjì mìíràn kí o tó ya aṣọ méjèèjì sọ́tọ̀, kí àmì bá àmì nígbà tí o bá ń gún píìnì. Rán an díẹ̀díẹ̀, má fà á. Etí tó tẹ̀ yẹn ti di báyáàsì, ìyẹn pé a gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí fọ́nrán aṣọ, ń ṣe ló máa ń yọ́ na lábẹ́ ẹ̀rọ. Sítáàṣì ni oògùn rẹ̀. Sítáàṣì gbágùúdá tí à ń po nílé, pò ó kó ṣàn, rẹ aṣọ sínú rẹ̀, sá a, lọ̀ ọ́, kí o tó gé ohunkóhun. Aṣọ tó gan dáadáa kì í na.

Bó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú lò ń lò torí iná, tẹ́ aṣọ mìíràn sáàárín kí eérú má bàa bọ́ sí i. Gbé e lé e, gbé e kúrò. Má tì í síwá sẹ́yìn, títì yẹn náà ń na báyáàsì.

*

Èsì, lórí ohun tí a ń tẹ́ sáàárín

Mo rí i pé ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, ìmọ̀ràn tí kò dáa ló sì pọ̀ jù lórí rẹ̀.

Fóòmù, rárá. Ó ń gba omi, kì í tètè gbẹ, ó sì ń já wẹ́wẹ́ níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un. Òwú àràbà, àwọn àgbà fi ń rọ tìmùtìmù, ó rọ̀, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀ gbogbo rẹ̀ á ti ṣù sí igun. Fáíbà tí wọ́n ń kì sí ìrọ̀rí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi tí o bá rán ìlà mọ́ra gan-an. Táwẹ̀lì wúwo jù.

Ohun tí mo bá yín yàn ni búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó fẹ́lẹ́, tó ti súnkì tán nílé yín. Tí kò bá sí, ìró òwú àtijọ́ méjì tí a tẹ́ léra. Ìró tó ti gbó kì í súnkì mọ́, ara rẹ̀ ti rọ̀, kò sì gbóná jù fún wa. Fọ̀ ọ́, lọ̀ ọ́, kò tán?

Títẹ́ rẹ̀: aṣọ ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, kí o fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ símẹ́ńtì kó nà díẹ̀. Búláńkẹ́ẹ̀tì lé e. Ojú quilt lékè, ojú rẹ̀ kọ sókè. Láti àárín lọ sí etí ni kí o ti máa gún píìnì tí a fi ń de nápíìnì ọmọ, kí ọ̀kan má jìn ju ọwọ́ kan lọ sí èkejì. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló dáa jù fún rírán rẹ̀ pọ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ ló ń darí bó ṣe ń yára. Jẹ́ kí ibi tí abẹ́rẹ́ ń gún jìn síra díẹ̀ sí i ju bí o ṣe ń rán aṣọ lọ. Ìlà tó tọ́ ti tó. Ìlà tó wọ́ díẹ̀ náà bá irú èyí mu.

*

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè, láti Kàbà: *Mo gé e, ẹ̀gbọ́n! Ìlà òféèfèé ni mo há sí i. Ọ̀gá mi wò ó títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìkẹrin ní kí a yí apá kan ohun tí a ti rán sódì, ìkarùn-ún ní kí a tò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọn ò bára mu. Búlọ́ọ̀kù mìíràn gùn, òmíràn kúrú, ihò wà láàárín.*

Kí wọ́n má bára mu ni irú rẹ̀. Má gé èyí tó gùn kó lè bá èyí tó kúrú. Fi kún èyí tó kúrú. Wọn ihò náà, fi ìdajì íńṣì kún un fún aláwáǹsì, gé aṣọ kan ní ìwọ̀n yẹn, rán an mọ́ ọn. Tí ihò bá ju íńṣì mẹ́ta lọ, má fi aṣọ kan ṣoṣo dí i. Rán àjákù bíi mẹ́rin pọ̀, gé ìyẹn sí i. Tò wọ́n ní ìlà-ìlà: rán búlọ́ọ̀kù pọ̀ di ìlà kan, rán ìlà keji, kó o wá so àwọn ìlà pọ̀. Bí o bá ń rán igun sínú igun, ojú rẹ á rí màbo.

Kí o tó rán ìlà kankan, tò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, fi fóònù yà á, kí o sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Tí ibi kan bá dúdú jù tó sì wúwo sí apá kan, wàá rí i níbẹ̀ ju bí ojú lásán ṣe máa rí i lọ. Gbé funfun tàbí òféèfèé yẹn lọ síbẹ̀.

Tó bá di íńṣì bí 37, gé e dọ́gba sí 36. Ibí nìkan ni mo ti fẹ́ kí o lo rúlà. Etí rẹ̀: gé aṣọ mẹ́rin ní íńṣì 2½, ní ìbú àǹkárá láti etí dé etí, so wọ́n pọ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, ṣẹ́ ẹ po sí méjì, lọ̀ ọ́. Yíká quilt náà jẹ́ íńṣì 144. Mẹ́rin yẹn á tó, á sì ṣẹ́kù díẹ̀. Rán etí tó ṣí mọ́ ojú quilt, yí i sẹ́yìn, kí o fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dè é lẹ́yìn. Ní igun, dúró ní ¼ sí òpin, gbé abẹ́rẹ́ sókè, ṣẹ́ aṣọ etí náà sókè ní ìdagẹ̀rẹ̀, ṣẹ́ ẹ padà sísàlẹ̀, tún bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ tí o ti gé ìlà òféèfèé yẹn, ṣé ó ṣẹ́kù? Fi ṣe etí rẹ̀ tó bá tó. Tí kò bá tó, dúdú.